Àwọ̀ Ìtànjẹ Lára Àwọn Ọkọ̀ Akẹ́rù Jàpáànù Lákòókò Ogun: Àlàyé fún Ẹni Tó Ń Ṣe Eré Ogun Orí Omi

Ní ọdún 1930, ilé-iṣẹ́ ọlọ́kọ̀ ojú omi Nippon Yusen Kaisha, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí NYK, bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọkọ̀ èrò tuntun mẹ́ta tí wọ́n jọra bí ọmọ ìyá: Hikawa Maru, Hie Maru àti Heian Maru. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń ná ojú omi láti Jàpáànù dé ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó fi máa di ọdún 1942 tí ogun ti gbóná, Hikawa Maru ti wọ funfun látòkè délẹ̀, pẹ̀lú ìgbàjá àwọ̀ ewé àti àgbélébùú pupa, nítorí ó ti di ọkọ̀ ilé-ìwòsàn. Hie Maru àti Heian Maru ní tiwọn ti di ọkọ̀ tó ń gbé oúnjẹ, epo àti tọ́pídò (ohun ìjà abúgbàù tó ń sáré nínú omi) fún àwọn ọkọ̀ ogun abẹ́ omi, wọ́n sì wọ àwọ̀ eérú bí ọkọ̀ ogun. Ọkọ̀ abẹ́ omi Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Drum ló tẹ Hie Maru rì ní oṣù kọkànlá ọdún 1943. Àwọn bàálù Amẹ́ríkà sì tẹ Heian Maru rì ní Truk, ibùdó ológun ojú omi Jàpáànù kan ní Òkun Pàsífíìkì, ní oṣù kejì ọdún 1944. Hikawa Maru nìkan ló yè é. Ó wà ní èbúté Yokohama títí di òní, àwọ̀ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti àtijọ́ ló sì tún wọ̀: ara dúdú, òkè funfun, ọ̀pá èéfín dúdú tó ní ìlà pupa méjì lórí ìgbàjá funfun.

Ẹni tó bá ń ṣe eré ogun orí omi fún kọ̀ǹpútà sábà máa ń béèrè pé àwọ̀ wo ni ọkọ̀ akẹ́rù Jàpáànù ní, bí ẹni pé ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà. Àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta yìí ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ara wa ni pé ọwọ́ ta ni ọkọ̀ náà wà ní àkókò tí à ń sọ, iṣẹ́ wo ló ń ṣe, ọdún wo ló jẹ́, ojú ta ló sì ń wò ó. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá yí padà, àwọ̀ lè yí padà, tàbí kí ìtumọ̀ àwọ̀ náà fún ọ̀tá yí padà.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ọkọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Nígbà tí Jàpáànù wọ ogun pẹ̀lú Amẹ́ríkà ní ìparí ọdún 1941, ọkọ̀ òwò rẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́fà tọ́ọ̀nù. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Èyí tí ológun orí ilẹ̀ gbà ń jẹ́ A, èyí tí ológun ojú omi gbà ń jẹ́ B, èyí tó kù fún àwọn ará ìlú, tó ń kó èédú, ìrẹsì àti irin, ń jẹ́ C. Ọkọ̀ kan lè kúrò nínú ìpín kan bọ́ sí òmíràn láàárín ogun kan náà. Orúkọ Maru tó wà lẹ́yìn orúkọ ọkọ̀ fi hàn pé ọkọ̀ òwò ni nípilẹ̀, kò sì sọ ọwọ́ ẹni tó wà báyìí. Àwọn ọkọ̀ A ní ilé-iṣẹ́ tiwọn tó ń darí wọn láti Ujina ní Hiroshima, ológun ojú omi kọ́ ló ń pàṣẹ fún wọn. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń kó ọmọ ogun àti ohun èlò lọ sí Singapore àti Rangoon, tó fi jẹ́ pé àwọn ọmọ ogun Jàpáànù tí àwọn ọmọ Nàìjíríà lọ bá jà nínú ogun Bọ́mà, ojú omi ni ìpèsè wọn ti kọ́kọ́ gbà. Nígbà tí ọ̀nà omi náà di ewu ni wọ́n lọ ṣe ọ̀nà reluwé gba inú igbó láti Thailand dé Bọ́mà.

Nínú àwọn ọkọ̀ B ni a ti ń rí ọkọ̀ tí wọ́n yí padà di ọkọ̀ ológun gan-an. Wọ́n máa ń fi ìbọn sí i, wọn a fi ọ̀gágun ojú omi ṣe olórí rẹ̀, wọn a sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ológun ní ipò àkànṣe. Àwọn kan ń gbé bàálù tó ń balẹ̀ sórí omi, àwọn kan ń ri bọ́ǹbù sínú òkun, àwọn kan ń dọdẹ ọkọ̀ òwò ọ̀tá. Àwọn ọkọ̀ apẹja pàápàá kò gbẹ́yìn: ọkọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀, Nittō Maru 23, ló kọ́kọ́ rí ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tó gbé àwọn bàálù Doolittle, tó fẹ́ ju bọ́ǹbù sí Tokyo, wá ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1942. Ẹni tó bá fi ọ̀dà kan náà kun gbogbo ìwọ̀nyí nínú eré rẹ̀ ti pa ìtàn pọ̀ mọ́ra.

Àwọ̀ tó pọ̀ jù lọ lára àwọn ọkọ̀ tó wà lọ́wọ́ ológun ojú omi ni àwọ̀ eérú. Ọgbà ìkọ́kọ̀ ogun ńlá mẹ́rin ni Jàpáànù ní, ní Kure, Sasebo, Yokosuka àti Maizuru, kálukú wọn ló sì ń po ọ̀dà tirẹ̀, tó fi jẹ́ pé eérú ibì kan dúdú ju ti ibòmíràn lọ díẹ̀. Àwọn tó ń fi ike ṣe ọkọ̀ kékeré lè jiyàn lórí ìyàtọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Lójú tèmi, kò yẹ kí ẹni tó ń ṣe eré fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀. Ọkọ̀ tó ti lo oṣù mẹ́fà nínú oòrùn àti iyọ̀ òkun ní Rabaul ti kúrò ní àwọ̀ tí wọ́n fi kùn ún ní Kure. Bí ogun sì ti ń le sí i, ọkọ̀ akẹ́rù kì í ráyè wọ ọgbà àtúnṣe, ìpẹtà a máa ṣàn láti ibi tí ẹ̀wọ̀n ìdákọ̀ró ti ń jáde, àwọ̀ pupa abẹ́ ọkọ̀ a sì máa yọ níbi tí ọ̀dà bá ti bó. Ìpẹtà yẹn ló máa jẹ́ kí ọkọ̀ inú eré dà bí ọkọ̀ tòótọ́ ju kí a máa wá eérú Sasebo kiri lọ.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni a wá kan àwọ̀ aláràbarà tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn. Ọkọ̀ Akitsushima ni àpẹẹrẹ tó hàn jù lọ. Ológun ojú omi ni wọ́n kọ́ ọ fún láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, nítorí náà kì í ṣe Maru, ṣùgbọ́n ọkọ̀ olùrànlọ́wọ́ ni: iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tọ́jú àwọn bàálù ńlá ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin tó ń balẹ̀ sórí omi, ó sì ní ẹ̀rọ agbẹ́rù gìrìwò kan ní ìdí tó lè gbé irú bàálù bẹ́ẹ̀ kúrò nínú omi. Wọ́n parí rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1942. Nínú àwọn fọ́tò rẹ̀ ti ọdún yẹn, ìlà fífẹ̀ tó mọ́lẹ̀ gba orí eérú tó ṣókùnkùn kọjá ní ìhà ọkọ̀ náà, tó fi jẹ́ pé ojú kì í tètè rí ibi tí imú ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ náà àkọ́kọ́, Mayuzumi Haruo, ni wọ́n ka àrà yìí sí lọ́rùn. Ìyẹn ni kí á fi sọ́kàn: ọ̀gá ọkọ̀ kan ló dá a, fún ọkọ̀ tirẹ̀. Kì í ṣe aṣọ ẹgbẹ́jọdá tí gbogbo ọkọ̀ Jàpáànù wọ̀, bí ọ̀pọ̀ eré orí kọ̀ǹpútà ti ń ṣe é. Àwọn bàálù Amẹ́ríkà tẹ Akitsushima rì ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1944 ní ìtòsí Coron ní Philippines, àwọn òmùwẹ̀ sì ń lọ wo òkú ọkọ̀ náà di òní.

Ohun tó tún yani lẹ́nu ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1944 kan náà. Àwọn ọkọ̀ agbébàálù Jàpáànù, tí wọn kì í ṣe ọkọ̀ akẹ́rù rárá, kun ara wọn ní àwọ̀ ewé oríṣi méjì, wọ́n sì ya òjìji dúdú sí ìhà wọn tó dà bí ara ọkọ̀ akẹ́rù tàbí ọkọ̀ elépo. Zuikaku, Zuihō, Chitose àti Chiyoda ló wà nínú ogun etí òkun Engaño ní Philippines ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1944, wọ́n sì rì tán pátá lọ́jọ́ kan. Fọ́tò tí bàálù Amẹ́ríkà yà lórí Zuihō lọ́jọ́ náà fi àwọn ìlà àti àbàwọ́n tí wọ́n kùn sórí pápá bàálù rẹ̀ hàn kedere. Ó ṣe kókó fún wa nítorí ìrònú tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ń wọ aṣọ ológun, ọkọ̀ ogun sì ń fẹ́ kí wọ́n rò pé ẹlẹ́rù ni òun. Àwọ̀ ewé yìí kì í ṣe fún ọdún 1942, ẹ má sì fi í sára ọkọ̀ tó ń lọ sí ogun Guadalcanal lọ́dún náà.

Èé ṣe tí ènìyàn fi ń kun ọkọ̀ ní ìlàkílà bẹ́ẹ̀, nígbà tí ẹni tó wà ní ìtòsí ṣì lè rí i? Norman Wilkinson, ayàwòrán kan tó wà nínú iṣẹ́ ológun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé ìmọ̀ràn yìí kalẹ̀ lọ́dún 1917, nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́. Kò sọ pé ọ̀dà lè sọ ọkọ̀ di àìrí. Ohun tó sọ ni pé ọ̀dà lè mú kí ẹni tó fẹ́ ta tọ́pídò ṣi ìṣirò ṣe. Tọ́pídò Amẹ́ríkà Mark 14 ń sáré nọ́ọ̀tì 46 (nọ́ọ̀tì kan jẹ́ kìlómítà méjì ó dín díẹ̀ ní wákàtí kan). Tí ọkọ̀ akẹ́rù bá wà ní mítà 1,500 sí ọkọ̀ abẹ́ omi, tọ́pídò yóò lo nǹkan bí ìṣẹ́jú kan kó tó débẹ̀, ní gbogbo ìgbà yẹn, ọkọ̀ akẹ́rù ń lọ. Nítorí náà, kì í ṣe ibi tí ọkọ̀ wà ni wọ́n ń ta á sí, bí kò ṣe ibi tó máa wà. Bí ọkọ̀ náà bá ń sáré nọ́ọ̀tì 12, tí ọ̀gá ọkọ̀ abẹ́ omi sì rò pé 10 ni, tọ́pídò yóò fi nǹkan bíi mítà 65 tàsé ibi tó fojú sùn. Ọkọ̀ tó gùn ní mítà 120, tí wọ́n fojú sun àárín rẹ̀, ti bọ́ nìyẹn, nítorí mítà 60 péré ló wà láti àárín rẹ̀ dé ìdí. Ìgbì omi èké tí wọ́n kùn sí imú ọkọ̀ ń jẹ́ kó dà bíi pé ó ń sáré; ìlà tó dà bí imú ọkọ̀ ní ibi tí kì í ṣe imú ń jẹ́ kí wọ́n ṣi ọ̀nà tó kọjú sí mọ̀. Àṣìṣe nọ́ọ̀tì méjì péré ni àwọn tó kun ọkọ̀ ń wá. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ abẹ́ omi náà mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ta tọ́pídò mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n fẹ̀ síra.

Nítorí náà, tí eré rẹ bá fi àwọ̀ ìtànjẹ ṣe ohun tó ń dín jíjìnnà tí a ti lè rí ọkọ̀ kù, tí kò sì ṣe nǹkan kan sí ìṣirò ọ̀nà àti bí ọkọ̀ ti ń sáré tó, ó ti yí ọ̀rọ̀ padà sẹ́yìn. Àwọ̀ eérú tó dọ́gba lè ran ọkọ̀ lọ́wọ́ díẹ̀ láti farapamọ́, ó sì tún kù sí ibi tí olùwòran dúró sí. Ẹni tó ń fi awò wo òkun láti inú ọkọ̀ abẹ́ omi, ìsàlẹ̀ ló wà. Ó ń rí ara ọkọ̀ níwájú ojú ọ̀run, àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ ló sì lè tàn án. Ẹni tó wà nínú bàálù ń rí òkè ọkọ̀ lórí omi tó ṣókùnkùn, àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ sì di ẹlẹ́rìí lójú tirẹ̀. Kò sí ọ̀dà kan tó ń bo ni lójú àwọn méjèèjì.

Lẹ́yìn náà, ọ̀dà kọ́ ni àwọn ológun Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ń wò láti dá ọkọ̀ mọ̀. Ìwé ìdámọ̀ ọkọ̀ òwò Jàpáànù tí ọ́fíìsì ìmọ̀ ológun ojú omi Amẹ́ríkà tẹ̀ lọ́dún 1942, tó ń jẹ́ ONI 208-J, kún fún òjìji ọkọ̀. Òpó, ọ̀pá èéfín, ilé orí ọkọ̀ àti ibi tí wọ́n dúró sí láti imú dé ìdí ni ojú ń kà. Ọkọ̀ kan lè pa ọ̀dà dà ní ọ̀sẹ̀ kan, àmọ́ láti gbé ọ̀pá èéfín kúrò níbi tó wà, iṣẹ́ ńlá ni. Èyí ló fi jẹ́ pé àwọn ọkọ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọ̀tá máa ń dá ìdàrúdàpọ̀ sílẹ̀. Lọ́dún 1942, Hōkoku Maru àti Aikoku Maru gba ọkọ̀ New Zealand kan tó ń jẹ́ Hauraki ní Òkun Íńdíà. Wọ́n sọ orúkọ rẹ̀ di Hoki Maru, ó sì bá Jàpáànù ṣiṣẹ́ títí tó fi rì ní Truk ní ọdún 1944. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹ nínú eré, nítorí òjìji rẹ̀ kò ní bá ti Jàpáànù mu. Delhi Maru tún yàtọ̀: ó dà bí ẹlẹ́rù lásán, àmọ́ ìbọn wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi pamọ́ láti fi tan ọkọ̀ abẹ́ omi. Kò pẹ́ rárá tí ọkọ̀ abẹ́ omi Amẹ́ríkà Swordfish fi tẹ̀ ẹ́ rì, ní oṣù kìíní ọdún 1944.

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, wọ́n ní, àwọn ọkọ̀ tó ní ààbò òfin ló sì mọ èyí jù. Àdéhùn Hague ti ọdún 1907 sọ pé kí ọkọ̀ ilé-ìwòsàn ìjọba jẹ́ funfun, kí ó ní ìgbàjá àwọ̀ ewé tó fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà kan ààbọ̀. Ti àwọn ẹgbẹ́ aláàánú á ní ìgbàjá pupa. Àmì yìí ni òdìkejì àwọ̀ ìtànjẹ, nítorí kí wọ́n lè rí i ni wọ́n ṣe kùn ún. Jàpáànù fi í tan ènìyàn nígbà mìíràn. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún 1945, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà dá Tachibana Maru dúró, wọ́n sì bá ọmọ ogun tó lé ní 1,500 nínú ọkọ̀ ilé-ìwòsàn náà, pẹ̀lú ohun ìjà nínú àpótí tí wọ́n fi àmì Àgbélébùú Pupa sí. Ti Awa Maru ló tún burú jù. Amẹ́ríkà ti ṣèlérí pé ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án, nítorí ó gbé ẹrù ìrànlọ́wọ́ lọ fún àwọn tí Jàpáànù mú lẹ́rú ogun. Wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé, wọ́n ya àgbélébùú funfun sí i lára. Ní alẹ́ ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 1945, nínú kùrukùru, ọkọ̀ abẹ́ omi Amẹ́ríkà Queenfish rí i lórí rédà, ó rò pé ọkọ̀ ogun ni, ó ta tọ́pídò mẹ́rin. Àwọn tó kú lé ní 2,000, ẹnì kan ṣoṣo ló yè. Wọ́n gbé ọ̀gá Queenfish, Charles Elliott Loughlin, lọ sí ilé ẹjọ́ ológun. Àgbélébùú náà wà níbẹ̀ o, rédà ni kò lè kà á.

Ní ti ẹ̀rí, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1945, àwọn ọ́fíìsì ológun Jàpáànù sun òkìtì ìwé nínú iná kí àwọn ará Amẹ́ríkà tó gúnlẹ̀, nítorí náà, ọ̀pọ̀ ohun tí a mọ̀ nípa ọ̀dà wá láti inú fọ́tò. Dúdú-àti-funfun sì ni ọ̀pọ̀ wọn. Fíìmù àtijọ́ kan wà tí kò mọ pupa rárá, tó jẹ́ pé ohun pupa máa ń jáde bí dúdú, ohun aró a sì mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀dà pupa abẹ́ ọkọ̀ tó yọ lójú omi lè wá dà bí ìlà dúdú tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kùn. Òjìji ọ̀pá agbẹ́rù ní ìrọ̀lẹ́ máa ń jọ àràbarà, ọ̀pọ̀ “àwọ̀ ìtànjẹ” tí àwọn ènìyàn ń pín kiri kò sì ju òjìji lọ. Fọ́tò méjì tí wọ́n yà láti ìhà méjì ni kí ẹ máa wá, nítorí ìmọ́lẹ̀ kì í ti ìhà méjì pa irọ́ kan náà. Àwọn fọ́tò ológun ojú omi Amẹ́ríkà wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba ní College Park ní Maryland, lábẹ́ nọ́ńbà 80-G. Àwọn ìwé Jàpáànù tó ṣẹ́kù, a lè ka púpọ̀ nínú wọn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ibi tí wọ́n ń pè ní JACAR. Àwòrán aláwọ̀ mèremère tí ayàwòrán òde òní ṣe sí ẹ̀yìn páálí ọkọ̀ ike kì í ṣe ẹ̀rí. Bí mo bá ń ṣe eré, màá kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan bóyá àwọ̀ rẹ̀ wá láti inú fọ́tò, láti inú ìwé àṣẹ, tàbí láti inú àròjinlẹ̀ tèmi, kí ẹni tó ń ṣeré lè mọ èyí tó gbà gbọ́.

Ohun tó kù ni bí agbára ọ̀dà ṣe yẹ kó máa dín kù bí ọdún eré ti ń lọ. Lọ́dún 1942 ni ọkọ̀ abẹ́ omi Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gba rédà SJ. Bí rédà náà ti ń tàn kálẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀gá ọkọ̀ abẹ́ omi ń jà lóru lórí omi, níbi tí ẹ̀rọ ti ń sọ jíjìnnà ọkọ̀ fún wọn láìbéèrè lọ́wọ́ ojú. JANAC, ìgbìmọ̀ ológun Amẹ́ríkà tó ṣe ìṣirò àwọn ọkọ̀ Jàpáànù tó rì, kà lọ́dún 1947 pé ọkọ̀ abẹ́ omi Amẹ́ríkà tẹ ọkọ̀ òwò Jàpáànù 1,113 rì, tó jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin ó lé 800,000 tọ́ọ̀nù. Nínú eré, tí ọkọ̀ abẹ́ omi bá ní rédà, tí ilẹ̀ sì ṣú, kí ẹ yọ àṣìṣe jíjìnnà kúrò pátápátá, kí ẹ sì fi ìwọ̀nba àṣìṣe lórí bí ọkọ̀ ti ń sáré tó sílẹ̀. Lọ́sàn-án, tí awò nìkan ń ṣiṣẹ́, ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà. Ọkọ̀ kan náà, ọ̀dà kan náà, á wá wà nínú ewu kékeré ní ọ̀sán oṣù karùn-ún ọdún 1942, kó sì jẹ́ ẹran ìjẹ ní òru oṣù karùn-ún ọdún 1944.